Olùkọ́ windsurfing tó mọ bí ẹ óò ṣe padà sí etí omi

Arábìnrin tó béèrè ìmọ̀ràn láti Sùúrùlérè, ẹ kú ìmúra. Ẹ ní ẹ ti rí olùkọ́ méjì tó lè kọ́ yín ní windsurfing, eré dídúró lórí pákó tó ní ìgbòkun kí afẹ́fẹ́ máa gbéni lọ lójú omi, lórí ọ̀sà Èkó. Ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí fídíò rẹ̀ dùn ún wò, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó sì ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ẹ óò ti wà lórí omi. Èkejì jẹ́ àgbàlagbà kan tó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ rí bí ẹ ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, àti pé orí iyanrìn ni ẹ óò ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ wá béèrè èwo ni kí ẹ mú. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí pé irú ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kọ́kọ́ bá lọ, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n wá mi lọ sí Ìkòròdú.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2017 ni, nígbà tí òjò sinmi díẹ̀, tí afẹ́fẹ́ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn sì ń fẹ́ gan-an bí ó ti máa ń ṣe ní àkókò yẹn. Ọmọ ọdún 41 ni mí, mo wọn kìlógírámù 84, Yábàá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan pákó windsurfing rí. Olùkọ́ mi mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mọ owó. Bí ó bá wà lórí omi, àwọn tó ń kọjá lọ á dúró wò ó. Mo san owó kíláàsì mẹ́wàá fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé ó ní òun yóò dín in kù fún mi. A pàdé ní etí ọ̀sà ní ẹ̀yìn Ìkòyí. Ó gbé pákó tirẹ̀ fún mi, èyí tí kò ju nǹkan bí lítà 110 lọ (lítà ni wọ́n fi ń wọn bí pákó ṣe tóbi tó), ó to ìgbòkun mọ́ òpó, ó sì ní, “Ẹ ṣáà fà á sókè, kí ẹ dì í mú, yóò máa lọ fúnra rẹ̀.” Lóòótọ́ ni ó ń lọ fúnra rẹ̀. Bí yóò ṣe padà ni kò sọ.

Ẹni tó bá dúró ní etí omi níbẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá yóò rò pé afẹ́fẹ́ náà kò le rárá, nítorí pé àwọn ilé gíga àti igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń bá a gba afẹ́fẹ́ náà dúró. Omi á tẹ́ lọ bẹẹrẹ bí ojú dígí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jáde kúrò lábẹ́ ààbò àwọn ilé yẹn, ẹ óò rí i pé àwọ̀ omi dúdú sí i, tí ìgbì kéékèèké ń hu orí funfun, tí afẹ́fẹ́ kan náà tó rọra ń fẹ́ yín lẹ́yìn ọrùn wá fi agbára gbá ìgbòkun yín lọ sí ọ̀kánkán Ìkòròdú. Mo ṣubú, mo gòkè, mo tún ṣubú, títí n kò fi lè kà á mọ́. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá ń sinmi lórí pákó ni afẹ́fẹ́ tún ń gbé mi jìnnà sí i. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, olùkọ́ mi ti kéré bí igi ìṣáná. Ó ń fi ọwọ́ júwe nǹkan tí n kò lóye, kò sì sí ọkọ̀ kankan lọ́dọ̀ rẹ̀ tó lè fi wá mi. Afárá Third Mainland wà ní ọwọ́ òsì mi, tí àwọn dánfó ń sáré lórí rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀ tó mọ̀ pé mo wà láyé.

Àwọn tó ń wa iyanrìn ló kó mi. Ẹ ti rí ọkọ̀ wọn rí láti orí afárá, àwọn ọkọ̀ igi gígùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sínú omi nítorí ẹrù, tí wọ́n fi àpò ìrẹsì àti tapólìn rán pọ̀ ṣe ìgbòkun fún. Bàbá kan tí ahọ́n Ègùn kò tíì kúrò nínú Yorùbá wọn ni wọ́n dì mí ní apá mú, wọ́n wo pákó mi, wọ́n wo ìgbòkun olówó ńlá náà, wọ́n ní, “Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ tó gbé ọ wá kọ́ ni yóò gbé ọ padà. Ta ló ní kí o gba ibí yìí?” Mo ní olùkọ́ mi ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò sì fèsì. Nínú gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, wọ́n ti kọ́ mi ní ohun tí mo sanwó kíláàsì mẹ́wàá fún. (Kíláàsì mẹ́ta ni mo rí gbà nínú mẹ́wàá náà, owó méje tó kù, mo ti fi fún Ọlọ́run.)

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò lára olùkọ́ nísinsìnyí ni ohun tí ó ń ṣe kí ó tó tú ẹrù rẹ̀. Bí ó bá dé etí omi tí kò kọ́kọ́ dúró wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá àti ibi tí ó ń lọ, kí ó sì fi hàn yín, ẹ máa bá tiyín lọ. Ọ̀sà wa ní ẹ̀gbẹ́ púpọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń tì yín jáde ní Ìkòyí lè jẹ́ èyí tó ń tì yín padà sí etí omi ní ìhà Ìkòròdú. Àǹtí tó kọ́ mi ní ẹ̀ẹ̀kejì mọ èyí dáadáa. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, wọn kò sì lè fò lórí ìgbì bí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè wọ́n, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo lè wọkọ̀ láti Fálómò lọ sí Ìpakodò, nítorí pé ní oṣù tí a wà nínú rẹ̀, apá ibẹ̀ ni ẹni tó bá ṣubú yóò ti máa sún mọ́ ilẹ̀. N kò tíì san kọ́bọ̀ fún wọn, mo sì ti mọ̀ pé mo ti rí olùkọ́.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí n wọ jákẹ́ẹ̀tì tí ń gbéni léfòó, kí n wọnú omi débi tí ẹsẹ̀ mi kò ti kanlẹ̀, kí n sì máa bá àwọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo rò pé eré ni. Nígbà tó yá ni mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ rí bóyá ẹ̀rù ń bà mí, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í gbọ́ ìtọ́ni. Lẹ́yìn náà, kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń padà láìsí afẹ́fẹ́: kí n tẹ́ ìgbòkun sórí ìdí pákó, kí n dọ̀bálẹ̀ lé e, kí n sì máa fi ọwọ́ méjèèjì wa omi. Wọ́n tún kọ́ mi pé bí agbára bá tán, kí n jókòó lórí pákó, kí n na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí n máa gbé wọn sókè sódò díẹ̀díẹ̀, nítorí pé àmì yẹn ni àwọn awakọ̀ ojú omi káàkiri ayé mọ̀ sí igbe ìrànlọ́wọ́. Ká ní mo ti mọ àmì yẹn ní ọjọ́ tí mo ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo juwọ́ sí àwọn ọkọ̀ èrò, tí àwọn èrò inú wọn sì ń juwọ́ padà sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín!

Pákó tí Àǹtí gbé fún mi gbòòrò bí ilẹ̀kùn, ó tó lítà 200, ó sì ní pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ sísàlẹ̀ láti àárín rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ gbá a lọ. Ìgbòkun rẹ̀ kò ju mítà mẹ́rin níbùú-lóròó lọ. Pákó kékeré yẹ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gùn. Bí olùkọ́ kò bá ní irú pákó ńlá bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò tíì múra láti kọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún so okùn gígùn kan mọ́ imú pákó náà, wọ́n sì di orí kejì mú nínú omi tó mu wọ́n dé ìbàdí.

Ẹ̀kọ́ fífa ìgbòkun sókè ni mo fi mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó mọ nǹkan ṣe àti ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́. Olùkọ́ àkọ́kọ́ kàn ń pariwo láti èbúté pé, “Fà á! Fà á!” mo sì ń fi ẹ̀yìn fà á, títí tí ìbàdí mi fi dùn mí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àǹtí ní kí n kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí n fi ẹsẹ̀ kan síwájú ìdí òpó, kí n fi èkejì sẹ́yìn rẹ̀, kí n tẹ orúnkún, kí n sì kàn fara tì sẹ́yìn láìfi ẹ̀yìn ṣe wàhálà, kí omi tó wà lórí ìgbòkun máa ṣàn kúrò fúnra rẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀, mo ṣubú. Wọn kò pariwo. Wọ́n béèrè pé, “Kí ni ojú rẹ ń wò?” Mo ní ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní, “Wo orí òpó.” Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo ṣe é, ìgbòkun dìde. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń tún ṣe fún mi lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá fi hàn mí pé bí mo bá tẹ òpó síwájú, imú pákó yóò yà kúrò níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, yóò yà sí ibẹ̀. Àti pé kò sí ẹni tó lè dojú kọ afẹ́fẹ́ ní tààràtà, wíwọ́ ni ènìyàn yóò máa wọ́ lọ sí ọ̀tún àti sí òsì títí yóò fi dé ilé.

Ẹ mẹ́nu kan án pé wọ́n ń sọ fún yín pé eré ọkùnrin ni. Ẹ má dá wọn lóhùn. Láti ọdún 1992, ní Barcelona, ni àwọn obìnrin ti ní ìdíje windsurfing tiwọn nínú Òlíḿpíìkì, bí ẹ sì ti rí i nínú ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, agbára apá kọ́ ni wọ́n fi ń gbé ìgbòkun.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, ó dára kí ẹ béèrè. Àwọn tí RYA, àjọ eré ọkọ̀ ojú omi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ní ìwé olùkọ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìtọ́jú pàjáwìrì, kí wọ́n sì mọ ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì wà, èyí tó ń fi hàn pé àwọn tó ṣètò rẹ̀ mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè sá lọ mọ́ olùkọ́ lọ́wọ́. VDWS, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti àwọn ará Jámánì, náà wà. Ṣùgbọ́n Àǹtí kò ní èyíkéyìí nínú wọn, n kò sì tìtorí ìyẹn fojú kéré wọn. Ohun tí ìwé náà ń tọ́ka sí ni kí ẹ wò: ta ni yóò wa ọkọ̀ wá mú yín, níbo ni ọkọ̀ náà wà, ṣé epo wà nínú rẹ̀?

Àwọn nǹkan mìíràn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, nítorí pé ìgò fífọ́ pọ̀ nísàlẹ̀ omi. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wa iyanrìn, nítorí pé omi tó mu yín dé ìbàdí lè di kòtò lójijì. Ní oṣù Kẹrin, Karùn-ún àti ní ìparí àkókò òjò, bí ojú ọ̀run bá ṣú ní ìlà-oòrùn, olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yóò ti kó gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jáde kí ìjì tó dé, nítorí pé afẹ́fẹ́ ìjì bẹ́ẹ̀ máa ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ní tèmi, àgbàlagbà yẹn ni kí ẹ bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ wá wòran ní ọjọ́ tó bá ń kọ́ ẹlòmíràn, kí ẹ jókòó sí etí omi, kí ẹ sì máa wo ojú rẹ̀ dípò akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá ń wo fóònù rẹ̀ nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí omi, ẹ dìde. Bí kò bá gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ẹ san owó kíláàsì kan péré, kí ẹ sì mú aṣọ ìpààrọ̀ dání.