Ẹ má fi bọ́tìnì bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní wọ́n kó olùkọ́ yunifásítì 12 lé yín lọ́wọ́, wọ́n ní kí kọ́ọ̀sì kálukú wọn ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ pè wọ́n kí ẹ kọ́ wọn ní Moodle, ìyẹn ìkànnì tí ilé ẹ̀kọ́ máa ń gbé kọ́ọ̀sì sí, mẹ́rin péré ló yọjú, ọ̀kan nínú wọn sì sùn. Ẹ wá ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe kí wọ́n lè wá sí ìpàdé tó kàn. Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó ti jìn sí kòtò yẹn rí ni. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹni méjì ló sùn.

Tèmi ni pé kí ẹ fi ìpàdé tó kàn yẹn sílẹ̀ ná.

Bọ́tìnì lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà: tẹ ibí, fa tọ̀hún, yan èyí. Ojú-ewé 40, pẹ̀lú àwòrán lóríṣiríṣi. Àwọn olùkọ́ gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Nígbà tí mo ṣí kọ́ọ̀sì wọn wò lẹ́yìn oṣù kan, PDF ni mo bá níbẹ̀, PDF lórí PDF. Fídíò kan wà níbẹ̀ tó lé ní wákàtí kan, tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó ń ka síláìdì rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mi ò rójú bínú sí i. Bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan sórí ìkànnì ni mo kọ́ ọ, ó sì gbé e.

Ẹni tó là mí lójú ni bàbá kan tó ti ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì tipẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ìwé ìtọ́sọ́nà ránṣẹ́ sí wọn, wọn ò dáhùn. Mo wá lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, mo ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ṣòro nínú rẹ̀ gan-an?" Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Kò sóhun tó ṣòro nínú bọ́tìnì. Ṣé o rí i, tí mo bá wà nínú kíláàsì, ojú àwọn ọmọ ni mo máa ń wò. Tí ojú wọn bá ti rí bákan, mo ti mọ̀ pé mo ti sáré kọjá wọn, màá padà sẹ́yìn. Nínú ohun tí o gbé wá yìí, ojú ta ni kí n máa wò?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ bàbá rẹ̀ tí kò rántí.

Ìbéèrè bàbá yẹn gan-an niṣẹ́ wa. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ò wọlé: kíláàsì á dákẹ́ lójijì, ọmọ kan á máa pa ohun tó kọ rẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù. Lọ́jọ́ tí kọ́ọ̀sì bá bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tó yẹ ká bá a wá ohun tó máa rọ́pò rẹ̀, a wá gbé ìwé ojú-ewé 40 tì í lọ́wọ́.

Látìgbà náà, ìbéèrè kan ni mo máa ń gbé lọ bá olùkọ́: "Ọ̀sẹ̀ wo ni àwọn ọmọ máa ń sọnù nínú kọ́ọ̀sì yín?" Mi ò tíì rí olùkọ́ tó sọ pé òun ò mọ̀. Bàbá kẹ́mísìrì ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. "Ọ̀sẹ̀ kẹrin. Móólù." Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka àṣìṣe tí wọ́n ti ń rí látọdún tó ti pẹ́. Mo yọ bírò, mo ń kọ. Móólù ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye nǹkan nínú kẹ́mísìrì. Tí a bá ní kí ọmọ sọ iye móólù tó wà nínú omi gíráàmù 36, èsì rẹ̀ ni 2, torí pé gíráàmù 18 ni ìwọ̀n móólù omi kan. Ọmọ kan á sọ 36 di ìlọ́po 18, á gbé 648 wá. Òmíràn á yí i po, á fi 36 pín 18, á gba 0.5. Ẹ̀kẹta á gbàgbé pé átọ́ọ̀mù háídrójìn méjì ló wà nínú omi, á lo 17, á sì gba 2.12.

Ohun tí a wá ṣe ò ju ìyẹn lọ. A fi ọ̀sẹ̀ kìíní sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹrin la kọ́kọ́ kọ́. A so fóònù sókè orí tábìlì, bàbá ń fi bírò ṣe ìṣirò lórí ìwé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì, ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn la gbé ìbéèrè kalẹ̀ pẹ̀lú èsì mẹ́rin, àwọn àṣìṣe mẹ́ta yẹn sì wà nínú rẹ̀. Moodle gbà kí èèyàn kọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ sábẹ́ èsì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá mú 2.12 ò ní rí "O kùnà", á rí "Ka átọ́ọ̀mù háídrójìn tó wà nínú omi lẹ́ẹ̀kan sí i." Ohùn bàbá gan-an ni. Èmi kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lò ó, mo fi ibi tí àkọsílẹ̀ èsì wà han bàbá. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ló kó sọ́wọ́ 2.12. Wọ́n sún mọ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, "Ojú wọn rèé." Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni wọ́n fúnra wọn ká fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta kan lórí átọ́ọ̀mù háídrójìn yẹn, wọ́n sì gbé e sórí ìkànnì. Ẹ sì wò ó, kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní bọ́tìnì tí wọ́n tẹ̀. Wọ́n wá a fúnra wọn, torí pé wọ́n ti ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Lórí ọ̀rọ̀ fídíò, ẹ máa gbọ́ tí wọ́n á máa sọ pé ìṣẹ́jú mẹ́fà lòfin. Ibi tó ti wá ni ìwádìí tí Philip Guo, Juho Kim àti Rob Rubin gbé jáde lọ́dún 2014. Wọ́n yẹ ìgbà tó tó mílíọ̀nù 6.9 tí àwọn èèyàn fi wo fídíò lórí edX, ìkànnì kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, wò, wọ́n sì rí i pé bó ti wù kí fídíò gùn tó, iye àkókò tí ẹni tó wà láàárín gbùngbùn àwọn òǹwòran fi ń wò ó kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó lè fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ nígbàkígbà láìpàdánù ohunkóhun ló pọ̀ níbẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ gba máàkì lè fara da jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ṣe mí láǹfààní jù nínú ìwádìí yẹn ni pé fídíò kíláàsì tí wọ́n kàn gé wẹ́wẹ́ kò dùn ún wò tó èyí tí wọ́n dìídì múra sílẹ̀ fún. Nítorí náà, tí olùkọ́ bá ní kí ẹ bá òun gé fídíò wákàtí méjì àtijọ́ sí méjìlá, ẹ rọra kọ̀ ọ́. Mo gé e fún ẹnì kan rí. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà mí, mi ò sì rí ọmọ tó wo ju ẹ̀kejì lọ.

Ẹ tún máa pàdé àwọn tó máa ní, "A ti ṣe íntánẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́dún 2020, kò ṣiṣẹ́." Ẹ má bá wọn jiyàn. Ohun tí wọ́n ṣe nígbà yẹn, eré àsápajúdé ni: wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, wọ́n ní kí kálukú gba orí Zoom lọ. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn gan-an ni Charles Hodges, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ̀wé pé kí wọ́n má pe ìyẹn ní kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, pé ìkọ́ni pàjáwìrì ni. Tí mo bá sọ èyí fún olùkọ́, ara máa ń tù ú. Ó ti ń rò pé òun lòun kùnà.

Ibi ìjíròrò ńkọ́? Ẹ bá mi fòfin de "kọ ọ̀rọ̀ kan, kí o sì fèsì fún ẹni méjì". Ohun tó ń bí ni "Mo gbà pẹ̀lú rẹ, ọ̀rọ̀ rẹ dára" lọ́nà ọgbọ̀n. Irú ìjíròrò kan wà nínú Moodle tí ọmọ ò ti ní rí tàwọn yòókù àfi tó bá ti kọ tiẹ̀. Ẹ lo ìyẹn. Kí ìbéèrè náà sì jẹ́ èyí tí èèyàn méjì lè dáhùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìsí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn.

Ọ̀kan wà tí ojú ṣì ń tì mí. Mo ti yìn kọ́ọ̀sì kan fáwọn ọ̀gá pé kò sí àbùkù níbẹ̀, àfi bí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kò ríran ṣe kọ̀wé sí wa pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun tó ń ka ìwé sí òun létí kò sọ nǹkan kan. Ìwé tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà láwòrán ni gbogbo PDF inú rẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ni. Lójú ẹ̀rọ, àwòrán lásán. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ gbìyànjú láti fi máúsì yan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú PDF. Tí kò bá ṣeé yàn, ẹni tí kò ríran ò lè kà á. Kí ẹ sì ka ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń kọ sísàlẹ̀ fídíò dáadáa, torí orúkọ inú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́.

Ohun kan tún wà tó ṣiṣẹ́ ju gbogbo ìpàdé mi lọ: mo sọ àwọn olùkọ́ di akẹ́kọ̀ọ́. Kọ́ọ̀sì kékeré ọlọ́sẹ̀ méjì, pẹ̀lú ọjọ́ ìparí iṣẹ́ àti máàkì. Mẹ́sàn-án bẹ̀rẹ̀, márùn-ún parí. Ọ̀kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí mo dá, ó wá ń bẹ̀bẹ̀ pé òun ò rí ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ náà sí. Ìyá náà ló lọ tún gbogbo kọ́ọ̀sì tirẹ̀ tò lọ́sẹ̀ yẹn, kó lè jẹ́ pé ojú kan náà ni ọjọ́ ìparí iṣẹ́ máa ń wà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti olùkọ́ 12 láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ lọ bá ọ̀gá yín kí ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú kọ́ọ̀sì kan máa ń gba èmi àti olùkọ́ ní ìjókòó mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Ẹ ṣírò rẹ̀ síwájú wọn. Ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ mú olùkọ́ mẹ́ta, kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ọ̀sẹ̀ tó le jù nínú kọ́ọ̀sì ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn yòókù máa wò ó. Àwọn olùkọ́ kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa bí wọ́n ṣe ń gbà á lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ẹni tó sùn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ó wá, kò dà bí àwọn mẹ́jọ tí kò yọjú. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, kí ẹ má gbé kọ̀ǹpútà dání.