Ètò affiliate wo ló bá àwọn tó ń ka ìkànnì oúnjẹ àti aṣọ Ìjẹ̀bú mu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo wà, mo ní ìkànnì kan tí mo fi ń kọ nípa oúnjẹ àti aṣọ wa: ìkọ́kọ́rẹ́, gaàrí, gèlè wíwé, aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) fún àjọ̀dún Ojúde Ọba. Bí 4,000 èèyàn ló ń wọlé lóṣù. Ìdajì wọn wà ní Nàìjíríà, fóònù ni wọ́n fi ń kà á. Ìyókù wà ní London, Amẹ́ríkà àti Kánádà. Mo ti forúkọ sílẹ̀ ní ètò affiliate mẹ́fà, níbi tí wọ́n ti ń san kọmíṣọ̀n bí ẹnì kan bá ra nǹkan láti orí lìǹkì mi: Amazon, Jumia, ilé iṣẹ́ hosting kan (tó ń gbé ìkànnì sórí íntánẹ́ẹ̀tì), ti forex (òwò pàṣípààrọ̀ owó), ti kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ilé tẹ́tẹ́ kan. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí, ẹnì kan péré ló tíì ra nǹkan, ìkòkò kan lórí Amazon. Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n jù nù?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ ti tẹ́tẹ́ àti ti forex kúrò lónìí. Ẹni tó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọ́rẹ́ kò wá ta tẹ́tẹ́, bó bá sì rí i níbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ohun tí ẹ sọ fún un nípa ewùrà pàápàá. Ti hosting kò burú, àmọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ ìkànnì tirẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń wá gèlè wíwé kiri. Ẹ gbé òun náà kúrò.

Kì í ṣe pé àwọn ètò yẹn kò dáa ni wọn kò fi mówó wá. Ẹ yàn wọ́n fún ìkànnì lódindi, mo sì fura pé iye kọmíṣọ̀n lẹ kọ́kọ́ wò. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan là ń yan ọjà fún. Ẹ ṣí mẹ́wàá tí wọ́n ń kà jù, kí ẹ bi ara yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí ẹni yìí bá kà á tán, kí ló máa fi owó ra láàárín ọ̀sẹ̀ yìí? Ibo ló ń gbé? Ṣé ọjà náà á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣé ó sì ní ọ̀nà tó lè fi sanwó rẹ̀? Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni kọmíṣọ̀n ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ojú ìwé ìkọ́kọ́rẹ́. Ẹni tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde kò ní ra ewùrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọjà Òkè-Àjé wà níbẹ̀. Epo, edé àti ẹja gbígbẹ náà ń bẹ lójú ọ̀nà. Ohun tó ṣeé ṣe kó rà ni ohun tí wọ́n fi ń rín ewùrà, tàbí ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn. Ẹni tó wà ní London ń wá èròjà oúnjẹ lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo owó tó wà nínú rẹ̀. Nínú tábìlì Amazon ti Amẹ́ríkà, oúnjẹ ń san 1%, ohun èlò ilé ìdáná ń san 4.5%. Igo epo pupa tí wọ́n tà ní dọ́là 12 á fún yín ní sẹ́ǹtì 12. Ẹ̀rọ ìlọǹkan tó jẹ́ dọ́là 90 á fún yín ní dọ́là 4 àti sẹ́ǹtì 5. Ẹ máa wo tábìlì náà lóòrèkóòrè, torí ó lè yí padà nígbàkigbà: ní Oṣù Kẹrin 2020, wọ́n gé ti oúnjẹ láti 5% sí 1%, wọ́n gé ti àga àti tábìlì láti 8% sí 3%. Àwọn tí Amazon nìkan ń bọ́ fojú winá rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ibi tí lìǹkì wà nínú ojú ìwé náà ṣe pàtàkì. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sí, lẹ́yìn tí ẹni tó ń kà á ti lọ. Ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé kí wọ́n rín ewùrà gan-an ni kó wà, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi mú èyí tí ẹ mú: ihò wẹ́wẹ́ ni kó ní, torí ihò ńlá á fi ègé sílẹ̀ tí kò ní jinná dọ́gba; blender lásán sì máa ń fẹ́ omi kó tó lè lọ̀ ọ́, omi ló sì ń jẹ́ kí ewùrà ṣàn tí kì í dì. Ẹni tó bá ka irú gbólóhùn yẹn mọ̀ pé ẹni tó ń sè é ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Lìǹkì méjì tàbí mẹ́ta tó lójú ìwé kan.

Ní ti Amazon fúnra rẹ̀, ọjọ́ 180 ni wọ́n ń fún ẹni tuntun láti mú ọjà 3 wá; bí kò bá pé, wọ́n á ti àkáǹtì náà, ẹ ó sì tún máa béèrè lákọ̀tun. Ẹ ti lo bí ìdajì, ó ku ọjà méjì. Ẹ má ṣe fúnra yín ra nǹkan nípasẹ̀ lìǹkì yín, kò kà, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ lé yín. Wákàtí 24 péré ni wọ́n ń rántí pé ẹ̀yin lẹ rán ẹnì kan wá. Bó bá ti fi ọjà sínú kẹ̀kẹ́ ìrajà láàárín wákàtí yẹn, ó lè tó ọjọ́ 90 kó tó sanwó. Ẹ má kọ iye ọjà sílẹ̀ lọ́wọ́ ara yín, torí iye náà ń yí, òfin wọn kò sì gbà á. Ẹ sì kọ́kọ́ ka òfin wọn kí ẹ tó fi lìǹkì wọn sínú ímeèlì tàbí ìwé PDF.

Ohun kan tó ń bá irú ìkànnì yín jẹ́ nìyí: lìǹkì amazon.com lẹ fi síbẹ̀, ẹni tó wà ní London tẹ̀ ẹ́, ilé ìtajà Amẹ́ríkà ló já sí, wọ́n sọ fún un pé ọjà náà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó padà sí amazon.co.uk, ó rà á níbẹ̀, ẹ kò rí kọ́bọ̀. Ètò ti Ìlú Ọba yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, ti Kánádà náà dá dúró. Ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí àwọn òǹkàwé yín bá pọ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì fi OneLink, ohun èlò Amazon fúnra rẹ̀, so wọ́n pọ̀, kí lìǹkì kan ṣoṣo lè máa gbé oníkálukú lọ sí ilé ìtajà ìlú tó wà.

Fún àwọn tó wà nílé, ẹ mú Jumia, àmọ́ ẹ dán an wò kí ẹ tó kọ nípa ọjà kankan. Ẹ fi ọjà náà sínú kẹ̀kẹ́ ìrajà, kí ẹ yan Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí ẹ yan Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìperu tàbí Ìkẹ́nnẹ́, kí ẹ wo owó ìgbéwá àti iye ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí owó ìgbéwá bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin iye ọjà, ẹ fi í sílẹ̀, àwọn òǹkàwé yín á pa á tì síbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé kọmíṣọ̀n kì í dájú lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè fún ọjà: ẹni tó sọ pé òun á sanwó lẹ́nu ọ̀nà lè kọ ọjà náà nígbà tí wọ́n bá gbé e dé, owó yín á sì di òfo. Nítorí náà, ẹ má tíì náwó tí ẹ bá rí lójú ìwé àkáǹtì yín nínú ètò náà.

Fóònù náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tó ṣí ojú ìwé yín láti inú Facebook ń lo búráúsà Facebook. Bó bá jáde kúrò níbẹ̀ tó lọ ṣí app ilé ìtajà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni àmì tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ rán an wá máa ń sọnù. Bó bá sì ya àwòrán ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí àǹtí rẹ̀ lórí WhatsApp, kò sí lìǹkì kankan níbẹ̀ mọ́. Lára àwọn tó ra nǹkan nítorí yín, àwọn kan wà tí ẹ kò ní rí láéláé.

Ibi tí mo rò pé owó yín wà gan-an ni aṣọ, mi ò sì mọ ilé iṣẹ́ ńlá kankan tó ní ètò fún un. Àwọn tó ń wá aṣọ Ojúde Ọba kì í ra ẹyọ kan. Ẹgbẹ́ ló ń rà. Ẹ lọ bá ẹni tó ń hun aṣọ òkè tàbí tó ń tà á, kí ẹ bá a ṣe àdéhùn tààrà. Ẹ fún un ní kóòdù kan, kì í ṣe lìǹkì, torí orí fóònù tàbí WhatsApp ni wọ́n ti máa dúnàádúrà, kò sí lìǹkì tó lè tọ ìyẹn lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá dárúkọ kóòdù náà gba ẹ̀dínwó díẹ̀, ìyẹn ló máa jẹ́ kó rántí dárúkọ rẹ̀. Kọmíṣọ̀n yín náà, ẹ sọ ọ́ di iye pàtó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ má lo ìdá ọgọ́rùn-ún, torí iye aṣọ ń yí bí wọ́n bá ṣe ná an.

Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀, ì báà jẹ́ ìwé kan ṣoṣo: iye lórí ẹni kọ̀ọ̀kan; ọjọ́ tí wọ́n máa san án (lẹ́yìn tí oníbàárà bá san gbogbo owó, kì í ṣe àsansílẹ̀); ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá dá aṣọ padà; bó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan náà padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé tiyín ṣì ni; àti pé ẹ ó máa rí ìwé ọjà lóṣooṣù. Ibi kókó kẹrin yẹn, ti ẹgbẹ́ tó padà wá, ni ìjà máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wò ó báyìí, àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká ní 600 láti òkè òkun ka ìkọ́kọ́rẹ́ lóṣù, 4 nínú 100 tẹ lìǹkì, 24 nìyẹn. 2 nínú wọn ra ẹ̀rọ ìlọǹkan dọ́là 90 yẹn, dọ́là 8 àti sẹ́ǹtì 10 ni. Ká wá ní ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ ọgbọ̀n èèyàn fi kóòdù yín ra aṣọ, ẹ sì gbà ₦2,000 lórí ẹnì kan: ₦60,000 lẹ́ẹ̀kan náà.

Àkókò ló le níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá sì ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti ọdún tó kọjá lọ lọ́dọọdún. Ní 2025, 8 Oṣù Kẹfà ló bọ́ sí. Ẹgbẹ́ ń mú aṣọ ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, kí wọ́n lè rí i hun, kí télọ̀ sì rí i rán. Ojú ìwé tó jáde nígbà tí ọjọ́ ti kù sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn tó fẹ́ wo àwòrán ló máa kà á.

Ojú ìwé tí ẹ bá kọ fún àwọn tó ń bọ̀ wálé fún Iléyá lè gba ètò ti hótẹ́ẹ̀lì àti ti owó fífiránṣẹ́ bíi WorldRemit. Ti hótẹ́ẹ̀lì sábà máa ń san lẹ́yìn tí àlejò bá ti sùn tó sì lọ, ti owó sì sábà máa ń san lórí oníbàárà tuntun nìkan.

Ti kọ́ọ̀sì: bí ẹnì kan tí ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ń kọ́ni ní gèlè wíwé tàbí aṣọ rírán lórí Selar (ìkànnì tí wọ́n ti ń ta kọ́ọ̀sì), ó bá yín mu. Ṣùgbọ́n ètò tó ń gba owó ìforúkọsílẹ̀, tó sì jẹ́ pé kọ́ọ̀sì bí a ṣe ń ta kọ́ọ̀sì náà gan-an lọjà tó wà níbẹ̀, ẹ sá fún un.

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ níbikíbi, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń sanwó. Ṣé wọ́n á fi sí báǹkì Nàìjíríà tàbí Payoneer (àkáǹtì tí a fi ń gba owó láti òkè òkun)? Àbí káàdì ẹ̀bùn ilé ìtajà ni? Iye tó kéré jù tí wọ́n ń san ńkọ́? Amazon ń dúró bí ọjọ́ 60 lẹ́yìn òpin oṣù kí ó tó san, dọ́là 10 ló kéré jù fún owó tó ń wọ báǹkì, dọ́là 100 fún ṣẹ́ẹ̀kì. Àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà á tún ní kí ẹ kún fọ́ọ̀mù W-8BEN (ti owó orí, fún ẹni tí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà); orúkọ tó wà lórí rẹ̀ àti ti báǹkì yín gbọ́dọ̀ bára mu délẹ̀délẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó á há.

Ẹ kọ gbólóhùn yìí sí òkè ojú ìwé, kó tó di pé wọ́n rí lìǹkì àkọ́kọ́: “Bí ẹ bá ra nǹkan nípasẹ̀ lìǹkì tó wà níbí, ilé ìtajà á fún mi ní owó díẹ̀, kò fi kún iye tí ẹ máa san.” Òfin Amẹ́ríkà béèrè fún un, Amazon náà sì ní gbólóhùn tirẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi kún un. Nínú kóòdù lìǹkì kọ̀ọ̀kan, ẹ fi rel="sponsored" sí i; ó ń sọ fún Google pé lìǹkì tó ń mówó wá fún yín ni, láti 2019 ni Google ti ní kí a máa lò ó.

Ẹ fún lìǹkì kọ̀ọ̀kan ní tracking ID (àmì ìdánimọ̀) tirẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ti ìkọ́kọ́rẹ́ ni tàbí ti gèlè ló mówó wá. Èyí tí wọ́n bá ti tẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún láìmú ọjà kan wá, ẹ fi fóònù Android kékeré ṣí i, lórí dátà, kì í ṣe Wi-Fi: bóyá ọjà ti tán, bóyá ojú ìwé náà pẹ́ jù kó tó ṣí. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ẹ fi ọjà mìíràn rọ́pò rẹ̀ kí ẹ tó fi ètò náà sílẹ̀.