Ẹ̀rọ Apá Ní Kò Sí Wàhálà, Dókítà Ní Ẹ̀jẹ̀ Ń Ru Nínú Ẹ̀dọ̀fóró

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹja ni màmá mi ń yan tà ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Láti ọdún tó kọjá, wọn kì í lè rìn dé Ọjà Olúwo láìdúró mí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá máa ń kọ 120/80. Ìgbà tí wọ́n ní ká lọ ṣe ẹ́kò ọkàn, àwòrán tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yà nínú ọkàn, ní Ìkẹjà ni dókítà tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń ru nínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n ń lo òògùn, àmọ́ wọ́n ní àwọn ti di ẹrù lọ́rùn wa. Kí la lè ṣe kí ayé rọ̀ wọ́n lọ́rùn? — *Àkọ́bí Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́*

ÌDÁHÙN: Ẹ̀jẹ̀ tí apá òsì ọkàn ń tì káàkiri ara ni ẹ̀rọ apá ń wọ̀n. Èyí tí apá ọ̀tún ọkàn ń tì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹ̀rọ apá kò débẹ̀. Ẹ́kò máa ń tọ́ka sí i, àmọ́ rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n ń tì gba inú iṣan dé ọkàn ló ń fìdí ẹ̀ múlẹ̀: bí ìpíndọ́gba agbára ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ bá ju 20 lọ nígbà tí èèyàn sinmi, ó ti ga jù. Bí iṣan ibẹ̀ bá fún, apá ọ̀tún ọkàn á máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó títí á fi rẹ̀ ẹ́, omi á wá máa dúró sẹ́sẹ̀ àti ikùn.

Ẹ bi dókítà pé irú wo ni tiwọn. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n pín àìsàn yìí sí, òògùn ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì. Ó lè wá láti apá òsì ọkàn, ó lè wá láti ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́, ó sì lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì tó há síbẹ̀, èyí tí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún nígbà mìíràn.

Nínú ilé, èéfín ni kí ẹ kọ́kọ́ gbógun tì. Kí màmá má jókòó ti ààrò ìyanja mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìta ló wà. A mọ̀ pé ibẹ̀ ni owó wà. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa yan, kí àwọn máa ṣa ẹja, kí wọ́n máa gbowó, kí wọ́n sì máa bá oníbàárà nájà lórí ìjókòó. Ọjà ṣì wà lọ́wọ́ wọn nìyẹn, ọ̀rọ̀ pé àwọn di ẹrù á sì dín kù. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé.

Èémí wọn ti dà bí owó tí kò pọ̀, ẹ wo ibi tó ń ná sí. Ìwẹ̀ máa ń gbà púpọ̀ nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ dókítà kì í sábà béèrè ìwẹ̀: ìdúró, ìbẹ̀rẹ̀, omi gbígbóná, balùwẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀. Ẹ gbé àga oníke síbẹ̀, ẹ gbé korobá lé àpótí kó lè bá ọwọ́ wọn dọ́gba, kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Kí wọ́n jókòó wọṣọ, kí ẹnìkan bá wọn wé gèlè, torí gbígbé ọwọ́ méjèèjì sókè máa ń já èémí. Kí wọ́n má máa gin bí wọ́n bá lọ yàgbẹ́, ó lè mú wọn dákú. Ìbẹ́pẹ á ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ ra ìwọ̀n tí èèyàn ń gùn. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìtọ̀, kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n gùn ún, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kì í ṣe pé wọ́n sanra, omi ni. Ẹ pe dókítà. Iyọ̀ gbogbo ọjọ́ kan kò gbọ́dọ̀ ju ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú lọ, gíráàmù márùn-ún, ti Mágì, núdùùsì àti irú oníyọ̀ sì wà nínú ẹ̀. Mágì ló máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́.

Kí wọ́n má kàn máa dùbúlẹ̀ sílé lójoojúmọ́. Ní Heidelberg ní Jámánì, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé àwọn tí wọ́n kọ́ ní eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ 15 lábẹ́ ojú dókítà fi nǹkan bíi mítà 111 ju àwọn tí kò ṣe é lọ nínú ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà. Lábẹ́ ojú dókítà la wí o. Bí dókítà bá gbà, kí wọ́n rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níwọ̀n tí wọ́n ṣì lè fi sọ̀rọ̀. Bí òòyì bá kọ́ wọn tàbí àyà ń dùn wọ́n, kí wọ́n dúró.

Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹ sọ fún dókítà. Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n ń pè ní emPHasis-10, ó ń wọn bí àìsàn yìí ṣe ń dààmú ìgbé ayé. 0 sí 5 ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá ṣe ń sún mọ́ 50 ló ṣe ń le. Ìbéèrè tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni bóyá èèyàn ń rí ara rẹ̀ bí ẹrù. Màmá yín nìkan kọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀jẹ̀ ń ru nínú ẹ̀dọ̀fóró ìyàwó mi náà, òògùn sildenafil ni dókítà kọ fún un. Ẹni tó ń ta òògùn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní òògùn ọkùnrin ni. Ṣé dókítà kò ṣì í kọ? — *Bàbá Ìbejì, Ìkòròdú*

ÌDÁHÙN: Kò ṣì í kọ. Òògùn kan náà ló ń tú iṣan ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀. Mílígíráàmù 20, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ni wọ́n sábà ń kọ fún àgbàlagbà. Ẹ má ra oní-100 kí ẹ máa fi abẹ gé e. Ìdajì kan kò ní dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Ẹ má jẹ́ kó tán kí ẹ tó ra òmíràn, torí ìdádúró òjijì lè dá wọn wó. Bí wọ́n bá ní òògùn àyà dídùn tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n, kí wọ́n má lo méjèèjì pọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi ìdákú. Bí ìyàwó yín bá jẹ́ SS, ẹ rán dókítà létí: wọ́n dá ìwádìí kan lórí òògùn yìí dúró lọ́dún 2009 nítorí pé ìrora egungun ń pọ̀ sí i lára àwọn oní-SS tó ń lò ó.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 27 ni mí, ẹ̀jẹ̀ ń ru nínú ẹ̀dọ̀fóró mi, òògùn bosentan ni mò ń lò fún un. Ìyá ọkọ mi ń retí kí n lóyún. Ṣé mo lè lóyún? — *Ìyàwó Tuntun, Àgbádárìgì*

ÌDÁHÙN: Ẹ má lóyún. Oyún máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ inú ara pọ̀ sí i tó nǹkan bí ìdajì, apá ọ̀tún ọkàn tó ti rẹ̀ kò lè gbé e; ìgbà ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ló sì ń pani jù. Bosentan tún máa ń ba ọmọ inú jẹ́, ó sì ń dín agbára òògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró àti èyí tí wọ́n ń fi sápá kù, nítorí náà ẹ má lọ dá ra èyíkéyìí. Dókítà yín ni kó yàn án. Ẹ mú ọkọ yín dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà, kí òun fúnra rẹ̀ lè bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Bí nǹkan oṣù yín bá sì ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, ẹ lọ rí dókítà lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé tí wọ́n kọ sínú káàdì.