Máṣíìnì tí ẹ fi sílẹ̀ létí igbó: kọ́kọ́rọ́ nìkan ò tó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá rẹwáyà. Ọdẹ ni wá, Àkúrẹ́ la ń gbé. Ọ̀nà Ọ̀dà la máa ń gbà wọ ìgbẹ́ lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́ ká tó jáde. Máṣíìnì méjì la ń gùn, ọ̀rẹ́ wa kan sì máa ń gbé Corolla rẹ̀ wá. Lóṣù tó kọjá, a jáde, a ò bá máṣíìnì kan mọ́. Wọ́n fọ́ gíláàsì mọ́tò náà, wọ́n kó tọ́ọ̀ṣì, aṣọ òjò àti bàtà wa lọ. Bẹ́ẹ̀ a ti ti họ́ńdù máṣíìnì ọ̀hún pa, a sì fi àgádágodo há táyà rẹ̀. Ẹnì kan ní ká lọ ra tracker, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn. Ṣé ìyẹn á tó?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu o, ẹ sì kú àdánù. Tracker kọ́ ló kàn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí kọ́kọ́rọ́ yín ò fi ràn yín lọ́wọ́.

Nínú ìlú, olè máṣíìnì ń bá àkókò sáré. Bí òòlù bá dún lẹ́ẹ̀mejì ní Ọjà Ọba, èèyàn á ti máa bojú wẹ̀yìn. Létí igbó, láti ìgbà tí ẹ ti wọlé títí ilẹ̀ á fi mọ́, olè ló ni gbogbo òru. Kò sí àgádágodo tó lè bá a ṣe é mọ́jú níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́. Ohun méjì ni mo máa ń sọ fún àwọn ọdẹ tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa: ẹ gbé e síbi tí ojú èèyàn wà, kí ẹ sì yọ nǹkan tí kò lè jí láìsí i, kí ẹ fi sápò wọ igbó.

Ẹ gbọ́ ti kọ́kọ́rọ́ ná. Irin kékeré ló di họ́ńdù mú; ẹni tó bá lágbára á fi ẹsẹ̀ ti họ́ńdù náà, irin ọ̀hún á sì kán. Ti iná rẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Ọ̀pọ̀ máṣíìnì tí à ń gùn níhìn-ín ni kì í gba iná plug rẹ̀ lára bátìrì. Irú wọn, kọ́kọ́rọ́ kì í fún CDI, ìyẹn àpótí tó ń rán iná sí plug, níná rárá, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó pa á: bí ẹ bá yí i sí ọ́ọ̀fù, á so wáyà kan mọ́ ara irin, iná plug á kú. Olè tó bá ti fa sókẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́rọ́ yọ, wáyà yẹn ò kan irin mọ́ nìyẹn. Kíìkì kan, ó ti lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú tiyín, ẹ já bátìrì rẹ̀, kí ẹ wá ta kíìkì. Bó bá jí, irú rẹ̀ ni. Èyí tí kò bá jí, iná bátìrì ló ń lò. Olè ní láti so wáyà méjì pọ̀ kó tó lè gbé e, ìyẹn náà ò sì ní kó làágùn.

CDI fúnra rẹ̀ wá ni ẹ máa yọ. Àpótí dúdú kékeré kan ni, abẹ́ àga tàbí ẹ̀yìn ìdérí ẹ̀gbẹ́ ló máa ń wà. Ẹ pa máṣíìnì, ẹ fa sókẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ, ẹ fi ọ̀rá dì í kí ìrì má kàn án, kí ẹ sì gbé e sínú àpò ọdẹ. Àfi kí olè náà gbé CDI tó bá tiyín mu wá látilé, máṣíìnì yẹn ò ní sọ̀rọ̀. Àwọn kan máa ń yọ plug. Mi ò kà á sí: plug ò wọ́n, olè lè ní i lápò, ihò tó ṣí sílẹ̀ yẹn á sì máa gba iyẹ̀pẹ̀ wọnú ẹ́ńjìnnì.

Ṣùgbọ́n sókẹ́ẹ̀tì tí à ń fà nígbà gbogbo á dẹ̀. Ẹni tó bá ń wọ igbó lemọ́lemọ́, kó jẹ́ kí rẹwáyà fi ṣúìtì ìkọ̀kọ̀ sí i. Ẹ bi í léèrè wáyà wo ló fẹ́ gbé e sí o. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé e sára wáyà ọ́ọ̀fù, èyí tí kọ́kọ́rọ́ fi ń pa iná plug, torí kò gba wàhálà. Olè tó bá gé wáyà yẹn nídìí CDI ti borí ṣúìtì yín. Ẹ ní kó gbé e sára wáyà pulser, èyí tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì bọ̀ wá sídìí CDI. Bí ìyẹn bá já, plug ò ní tan, ohun yòówù kí wọ́n gé.

Wọ́n ṣì lè gbé e sínú mọ́tò akẹ́rù lọ. Ìdí nìyẹn tí ṣéènì fi wúlò, kí ó gba inú férémù kọjá, torí táyà ṣeé tú. Ẹ má so ó mọ́ igi tí àdá lè bẹ́ lulẹ̀. Kí ṣéènì àti àgádágodo má sì balẹ̀, nítorí èyí tó bá wà nílẹ̀, wọ́n á fi òkúta tẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi òòlù lù ú fọ́.

Ní ti ibi tí ẹ máa gbé e sí, ẹ wá aba. Láti ọ̀nà Ọ̀dà títí dé ìhà Ìdànrè, aba oníkòkó pọ̀. Láti bí oṣù kẹwàá títí wọ ọ̀gbẹlẹ̀, ẹnì kan máa ń sùn ti kòkó tí wọ́n sá, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọdẹ ń pọ̀ nígbó. Ẹ lọ bá baálẹ̀, ẹ kí i, ẹ sọ iye ẹni tí ẹ jẹ́ àti ìgbà tí ẹ ó jáde. Ẹ fún un lówó díẹ̀, tàbí kí itan ọ̀yà yà lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ẹ bá ń padà. Bó bá jẹ́ igbó ọba lẹ fẹ́ wọ̀, ẹ ti gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ á sì ti mọ̀ pé tiyín ni máṣíìnì tó wà níta.

Níbi tí kò bá sí aba, kí ẹnì kan nínú yín dúró tì í, kí ẹ máa pín in ṣe. Mo mọ̀ pé kò wu ọdẹ. Kí ẹ fi ewé bò ó nínú ìgbẹ́ náà dára, bí ilẹ̀ tí ẹ gbà wọlé bá le, tí ojú táyà ò hàn láti títì. Ẹ sáà jẹ́ kí ṣèlẹ́ńsà tutù ná. Ewé gbígbẹ lórí ṣèlẹ́ńsà gbígbóná nígbà ọyẹ́, iná ni yóò dá.

Ti Corolla ò le. Kí nǹkan kan má ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ tí ojú lè rí, àpò òfìfo pàápàá. Ilé ni kí ẹ ti to ẹrù sínú búùtù. Ẹni tó bá ń ṣí búùtù lójú títì ń ṣe àfihàn. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ara ìdérí àpótí fíúsì, ẹ óò rí ibi tí wọ́n kọ EFI sí. Ẹ yọ fíúsì yẹn lọ: mọ́tò á yí, kò ní jí. Bí brain box rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, bá wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wẹ́dà fi àgò irin há a mọ́bẹ̀, torí ọ̀pọ̀ olè ò wá mọ́tò mọ́, brain box ni wọ́n ń wá.

Ẹ má fi ìbọn sílẹ̀ nínú mọ́tò láé, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan. Orúkọ yín ló wà lára ìwé àṣẹ rẹ̀. Bó bá sọnù, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ẹ bá sì jáde tí ẹ bá èèyàn nídìí máṣíìnì, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ pe ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn. Ẹ ò mọ iye tí wọ́n jẹ́, ẹ ò sì mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn.

Tracker tí ẹ bèèrè yẹn, síìmù ló fi ń sọ̀rọ̀. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dé, kò ní lè pè yín; èyí tó dára á tọ́jú ọ̀nà tó rìn pamọ́, á fi ránṣẹ́ nígbà tó bá bọ́ sójú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó lè bá yín wá nǹkan tó ti lọ, kò lè ní kó má lọ. Bátìrì máṣíìnì kéré, tracker sì ń jẹ iná rẹ̀, nítorí náà èyí tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú ni kí ẹ rà, lẹ́yìn ṣéènì àti ṣúìtì.

Lónìí, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ṣásíì tó wà lọ́rùn họ́ńdù, ti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti rìsíìtì, kí ẹ fi pamọ́ sílé. Òun ni ọlọ́pàá máa bèèrè. Kí ọ̀rẹ́ yín tó ni Corolla sì tún ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀ yẹ̀ wò. Third party, tó di ₦15,000 fún mọ́tò ara ẹni lọ́dún 2023, ohun tí mọ́tò rẹ̀ bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn ló ń san; bí olè bá gbé mọ́tò lọ, kò ní san kọ́bọ̀. Comprehensive ló ń san ti olè.