Ta Ni Yóò Bá Ọ Dán Ẹ̀rọ Náà Wò?

Ẹ BI MÀMÁ OLÙKỌ́

Ẹ kú ojú lọ́nà o. Ìwé tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, mẹ́ta ni mo mú nínú wọn. Èyí àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù, kí àwọn tó kù má bínú.

*Màmá Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Wẹ́dà ni mí ní Ìsẹ́yìn, kò tíì pẹ́ tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù. Ẹ̀rọ kan wà lọ́kàn mi tí yóò máa bó gbágùúdá fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò ní mú ọ̀bẹ dání. Mo ti ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé, mo sì ti ń kó irin jọ díẹ̀díẹ̀. Mi ò tíì fi han ẹnì kankan, ìyàwó mi pàápàá ò mọ̀, torí ẹ mọ àwọn èèyàn wa: bí wọ́n bá rí i lónìí, lọ́la ni wọ́n á ti máa tà á. Báwo ni mo ṣe lè dáàbò bò ó, kí ilé-iṣẹ́ ńlá kan sì rà á lọ́wọ́ mi? — Wẹ́dà, Ìsẹ́yìn*

Ọmọ mi, o kú làálàá. Mo ka ìwé rẹ, mo tún un kà, ohun tí mò ń wá níbẹ̀ ni mi ò rí. O dárúkọ olè, o dárúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá, àmọ́ obìnrin tí yóò dúró ti ẹ̀rọ náà láti àárọ̀ dalẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ rárá. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, ká tó débi olè.

Iṣẹ́ irin àti àwòrán ẹ̀rọ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìdí agbada gàrí sì ni ìyá mi ti rí owó tó fi rán mi nílé-ìwé. Torí náà mo mọ ohun tí wàá bá pàdé bí o bá lọ jókòó nílé gàrí lọ́jọ́ tí ẹrù bá dé. Àwọn obìnrin á ti yí òkìtì gbágùúdá ká lórí àpótí, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n bó kì í wo ọwọ́ ara rẹ̀: á gé orí, á gé ìdí, á fi ẹnu ọ̀bẹ la èèpo náà gbọọrọ, á ti àtàǹpàkò bọ abẹ́ rẹ̀, èèpo dúdú òde àti funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì ṣí kúrò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tí wọ́n hú láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ń ṣí bẹ́ẹ̀ o. Èyí tó bá ti sùn, èèpo rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ara, ṣe ni wọ́n á máa fi ọ̀bẹ há a. Ọ̀kan á tóbi lórí kó tín-ín-rín nídìí, òmíràn á lọ́ bí ìwo àgbò, òmíràn á ní kòtò lára níbi tó ti fún mọ́ òkúta nínú ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń kọsẹ̀. Àwọn ilé-ìwé gíga àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ti ṣe oríṣiríṣi ẹ̀rọ ìbógbágùúdá ṣáájú rẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbá tó ń yí, tí inú rẹ̀ rí gbágungbàgun, táá máa ha èèpo kúrò. Bí àgbá náà bá yí pẹ́ kí èyí tó lọ́ lè mọ́, á ti jẹ lára èyí tó gún. Gàrí onígàrí ló ń bá èèpo lọ yẹn. Bí kò bá sì yí pẹ́, àwọn obìnrin á tún mú ọ̀bẹ kí wọ́n tó lè parí rẹ̀. Wọn ò ní bi ọ́ bóyá ẹ̀rọ rẹ ń bó. Iye kóńgò gàrí tó máa jáde nínú ẹrù kan ni wọ́n á bi ọ́, àti iye epo tó ń mu, àti ta ni yóò máa fọ̀ ọ́ lálẹ́. Àwọn tó ń bó gbágùúdá ńkọ́? Ẹlòmíràn ń gba owó apẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn á tún kó èèpo lọ fún ewúrẹ́ rẹ̀. Bí o bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wọn láìbá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á ti dójú sọ ọ́ kí o tó tan mọ́tò.

Wo ẹ̀rọ ìrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lára ni. Wọ́n we é mọ́ igi roboto kan kí ojú tó mú lè kọjú síta, ẹ̀ńjìnnì sì ń yí igi náà. Irú páànù kan náà ni ìyá mi fi ọwọ́ rin gbágùúdá lé lórí, tó máa ń bó o ní ìka; ẹnì kan ló ronú kan yíyí. Jáàkì tí wọ́n sì fi ń fún omi rẹ̀, jáàkì ọkọ̀ ńlá ni. Nígbà èwe mi, òkúta ni wọ́n ń tò lé àpò, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. (Àwa tí a fẹ́ràn gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa gbà pé jáàkì ti sọ àwọn èèyàn di akánjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Ta ló kọ́kọ́ gbé jáàkì wọ ilé gàrí? Kò sórúkọ rẹ̀ lára jáàkì kankan. Ohun tó dá mi lójú ni pé ó ti dúró ti àwọn tó ń to òkúta rí.

Bóyá o rò pé ilé-iṣẹ́ ńlá ò nílò irú ìdúró bẹ́ẹ̀. Jẹ́ ká dé Kẹ́ńyà. Ní 2005, Nick Hughes àti Susie Lonie láti Vodafone, ilé-iṣẹ́ fóònù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Safaricom, ilé-iṣẹ́ fóònù Kẹ́ńyà, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan: kí àwọn tó yá owó kékeré lè máa fi fóònù san gbèsè wọn padà. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fowó sí i. Wọ́n fa ètò náà lé àwọn ayáwó lọ́wọ́, wọ́n sì ń wo ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Àṣé àwọn èèyàn ti ń fi owó ránṣẹ́ síra wọn! Ẹni yìí á bá ẹni yẹn san gbèsè, ẹni tó wà nílùú á fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí abúlé. Nígbà tí ètò náà, tí wọ́n sọ ní M-Pesa, wá jáde fún gbogbo ìlú lóṣù kẹta ọdún 2007, wọn ò tún sọ̀rọ̀ gbèsè mọ́. Fi owó ránṣẹ́ sílé ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀. Àwọn ayáwó ló tún nǹkan yẹn ṣe. Ọgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ náà ní ni pé wọn ò bá wọn jiyàn.

Bí Kẹ́ńyà bá jìn jù, Jìgáwà ń bẹ níbí. Olùkọ́ ni Mohammed Bah Abba, ìdílé amọ̀kòkò ni wọ́n sì bí i sí. Láàárín àwọn ọdún 1990, ó ki ìkòkò kékeré bọ inú ńlá, ó da iyanrìn sáàárín méjèèjì, ó bu omi sí iyanrìn náà, ó wá fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀. Bí omi ṣe ń gbẹ lára ìkòkò òde ló ń kó ooru kúrò lára èyí tó wà nínú. Ìgbá tí ì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta lo ọjọ́ 27 níbẹ̀, láìsí iná mànàmáná. (Ibi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ bíi tiwọn ló ti ń ṣiṣẹ́ o, ẹni tó bá gbé e sí Èkó, omi ọ̀hún ò ní gbẹ bọ̀rọ̀.) Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí o wò. Ó kó àwọn amọ̀kòkò jọ, wọ́n mọ 5,000 àkọ́kọ́, ó sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ará abúlé kí wọ́n máa lò ó. Ọdún 2000 ló gba ẹ̀bùn ilé-iṣẹ́ aago Rolex lórí rẹ̀.

Ó wá kan olè. Páténtì ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó ṣe ohun tuntun, kí ẹlòmíràn má bàa ṣe é láìgbàṣẹ; òfin rẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà láti 1970. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ̀wé sílẹ̀ lòfin mọ̀, ẹ̀tọ́ náà sì jẹ́ ogún ọdún láti ọjọ́ tó kọ ọ́, bó bá ń san owó ọdọọdún. Àbújá ni ọ́fíìsì wọn wà, NOTAP, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, sì máa ń ṣèrànwọ́ fún irú ìwọ. Àmọ́ fetí sí mi. Bí nǹkan bá ti di mímọ̀ fún aráyé kí o tó kọ̀wé, kò tuntun mọ́ lójú òfin, torí náà má gbé fídíò rẹ̀ sórí Facebook, má sì gbé e lọ sọ́jà. Ẹ̀wẹ̀, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò ní Àbújá bóyá ó tuntun lóòótọ́. Òfin sọ ọ́ gbangba pé ọrùn ẹni tó gba páténtì ni ewu rẹ̀ wà. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá jí i, ìwọ fúnra rẹ ni wàá gba kóòtù lọ, pẹ̀lú owó ara rẹ.

Bó bá jẹ́ èmi, màá pe àwọn obìnrin méjì tàbí mẹ́ta tí mo fọkàn tán, tí wọ́n ń ṣe gàrí, màá ní kí wọ́n fọwọ́ síwèé pé ọ̀rọ̀ náà ò ní jáde, màá sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Fi pákó àti páànù àlòkù ṣe é ná, má tíì ra irin tó ń dán. Da èyí tí wọ́n hú lónìí sí i, da èyí tó ti sùn sí i. Wọ̀n ọ́n kó tó wọlé, wọ̀n ọ́n bó bá jáde, wọn èèpo rẹ̀, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́. Bí àwọn obìnrin yẹn bá ní kó o yí nǹkan padà, yí i padà. Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ pé ìgbà wo lo máa tún tan ẹ̀rọ, kọ̀wé sí Àbújá, kó o wá gbé e lọ sí NCAM ní Ìdófìan lẹ́bàá Ìlọrin. Ẹ̀rọ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ tiwọn. Sì sọ fún ìyàwó rẹ lálẹ́ òní. Bó bá ti bó gbágùúdá rí láyé ẹ̀, ó mọ ohun tí o ò mọ̀.

*Ẹ kú àkókò yìí, Mà. Ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà sọ pé láwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lókè òkun, wọ́n ń fi àkókò iṣẹ́ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kó fi ṣe ohun tó bá wù ú, pé ibẹ̀ ni àrà tuntun ti ń jáde. Mo ní irọ́ ni. Ta ló máa sanwó fún èèyàn kó máa ṣeré? — Ìyá Ọlọ́mọ, Àkúrẹ́*

Ẹ kú ọmọ títọ́, Mà. Ọmọ yín ò parọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Ilé-iṣẹ́ 3M ní Amẹ́ríkà ní àṣà yẹn lóòótọ́: òṣìṣẹ́ lè fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò rẹ̀ lépa èrò tirẹ̀. Àwọn bébà kékeré Post-it tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fáìlì ní ọ́fíìsì, ibẹ̀ ló ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó.

Ní 1968, Spencer Silver, òṣìṣẹ́ 3M kan, ń wá gọ́ọ̀mù tó le. Èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́ kò le rárá: ó ń lẹ̀, àmọ́ ó tún ń ṣí láìba ìwé jẹ́. Ọdún gbọọrọ ló fi ń gbé e kiri inú ilé-iṣẹ́, tó ń bi tọ̀tún tòsì pé kí ni wọ́n lè fi ṣe, tí ẹnikẹ́ni ò rí nǹkan kan fi ṣe. Ìgbà tó di 1974 ni bébà tó fi ń sàmì sínú ìwé orin sú Art Fry, òṣìṣẹ́ bíi tiẹ̀ tó tún jẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, torí bébà náà ń já bọ́ ṣáá. Ó rántí gọ́ọ̀mù Silver. Ilé-iṣẹ́ gbé e sọ́jà nílùú mẹ́rin ní 1977, kò tà, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ẹnu ṣàlàyé bébà tó ń lẹ̀ tó tún ń ṣí kó wọni létí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ nílùú Boise. Nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó ló ní àwọn á rà á. Ọdún 1980 ló tó kárí Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá kà á láti ọjọ́ gọ́ọ̀mù, ọdún 12 nìyẹn. Eré tó le nìyẹn, Mà.

Kí ẹ má sì rò pé gbogbo olówó ló ń ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ní 1975, Steven Sasson kan kámẹ́rà tí kò lo fíìmù pọ̀ ní Kodak, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ta fíìmù fọ́tò. Ó wúwo ju kílò mẹ́ta lọ, kásẹ́ẹ̀tì ló ń fi àwòrán pamọ́ sí, ìṣẹ́jú àáyá 23 ni àwòrán kan ṣoṣo ń gbà kó tó wọlé tán. Àwọn ọ̀gá wò ó, wọ́n wo fíìmù tí wọ́n ń tà, fíìmù tó ń bọ́ wọn. Wọ́n gba páténtì kámẹ́rà náà ní 1978 o, páténtì ọ̀hún sì mówó wọlé fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jàpáánù ló wá ń gbé kámẹ́rà lé aráyé lọ́wọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní 2012, Kodak lọ sọ fún ilé-ẹjọ́ pé àwọn ò lè san gbèsè mọ́. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan ní Ìsẹ́yìn, ẹ bá mi ka apá ibi yìí sí wẹ́dà yẹn létí.

*Màmá, ẹnì kan pè mí pé òun máa bá mi gba páténtì gbogbo àgbáyé lórí sítóòfù eléèédú tí mò ń ṣe, pé kí n sanwó sí àkáùntì òun kí oṣù tó parí. Ṣé kí n san? — Oníṣẹ́ Irin, Abẹ́òkúta*

Má san kọ́bọ̀. Kò sí ohun tó ń jẹ́ páténtì gbogbo àgbáyé. Àdéhùn kan wà tí wọ́n ń pè ní PCT, Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 2005; ó jẹ́ kí èèyàn lè fi ìwé kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ fún orílẹ̀-èdè púpọ̀, àmọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló máa pinnu tirẹ̀, kó sì gba owó tirẹ̀. Kí lo fẹ́ fi páténtì Jámánì ṣe nígbà tó jẹ́ Láfẹ́ńwá àti Kútọ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ wà?

Bí o bá sì ti ń ta sítóòfù náà, ó ti pẹ́ jù fún páténtì rẹ̀. Orúkọ àti àmì tí àwọn oníbàárà fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn ni kí o lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà. Ìyẹn ṣì ṣeé ṣe, títà tí o ti tà á kò dí i lọ́wọ́.