Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Èsì: Ọkọ̀ Ẹrù Tí Kò Ní Awakọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo gbọ́ pé ọkọ̀ kan ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó ń gbé ní ibùdó ojú sánmọ̀, láìsí èèyàn nínú rẹ̀. Ibùdó ń sáré, ọkọ̀ náà ń sáré. Báwo ni wọ́n ṣe ń pàdé tí wọn kì í forí gbárí? (Òǹkàwé láti Ìlọrin)

ÈSÌ: Ọkọ̀ Progress ti Rọ́ṣíà ló pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí, láti oṣù kìíní ọdún 1978 ló ti wà níbẹ̀. Baikonur ní Kasakísítáànì ni rọ́kẹ́ẹ̀tì Soyuz ti ń gbé e gbéra. Ọkọ̀ náà wúwo ju kìlógíráàmù 7,000 lọ, ẹrù inú rẹ̀ sì tó nǹkan bí 2,500: oúnjẹ, aṣọ, omi, afẹ́fẹ́ àti epo.

Ibùdó wà ní nǹkan bí kìlómítà 400 sókè, ó ń sá tó kìlómítà 28,000 ní wákàtí kan. Ẹ má rò pé ńṣe ni ọkọ̀ yóò kàn tẹná kó lè lé e bá. Ohun tó bá súnmọ́ ayé ló ń tètè yí i po ju èyí tó jìnnà lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ gbé Progress sí ìsàlẹ̀ ibùdó, kó máa jẹ ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn. Nígbà tí àkókò bá tó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á jó fúngbà díẹ̀, á gbé e ga sí i. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ méjì ni èyí ń gbà. Ní 2018, Progress MS-09 fi wákàtí mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú débẹ̀.

Ẹ̀rọ rédíò tí wọ́n ń pè ní Kurs ló ń wọn bí ibùdó ṣe jìnnà tó àti bí wọ́n ṣe ń yára súnmọ́ ara wọn. Níkẹyìn, ìyàtọ̀ eré àwọn méjèèjì kì í ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ: ọmọ tó ń kọ́ ìrìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ yá jù ú lọ. Ọ̀pá kan níwájú ọkọ̀ á wọ ihò kan lára ibùdó tó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, ìkọ́ á sì fa àwọn méjèèjì pọ̀ típẹ́típẹ́.

Wọn kì í ṣílẹ̀kùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń jò lójú oríkèé. Bí wọ́n bá ṣí i tán, wọ́n á na páìpù rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú ọkọ̀, nítorí pé níbi tí nǹkan kò ti ní ìwọ̀n, afẹ́fẹ́ tí èèyàn mí síta kì í kúrò lójú kan fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń tú ẹrù nínú kọ̀rọ̀ náà lè máa mí èyí tó ti mí síta sínú padà, kí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Epo ní tirẹ̀ kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá, torí májèlé ni: inú páìpù tó wà lára òrùka ìsopọ̀ ló ń gbà lọ sínú táǹkì ibùdó.

ÌBÉÈRÈ: Bí Kurs bá wá kọṣẹ́ ńkọ́? (Òǹkàwé láti Abẹ́òkúta)

ÈSÌ: Òṣìṣẹ́ inú ibùdó á fi ẹ̀rọ ìdarí tí wọ́n ń pè ní TORU darí ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ọ̀pá ìdarí méjì àti àwòrán kámẹ́rà. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà 1997, wọ́n ń dán an wò ní Mir, ibùdó ojú sánmọ̀ tí Rọ́ṣíà ní nígbà náà, wọ́n sì ti pa rédíò tó ń wọn jíjìnnà. Òkè ni Progress M-34 ti ń bọ̀, àwọsánmà ayé ló wà lẹ́yìn Mir nínú àwòrán, ibùdó náà kò sì hàn dáadáa. Ọkọ̀ náà yára jù, ó sì kọlu iyàrá Spektr, ó dá ihò sí i lára. Afẹ́fẹ́ ń jò lọ. Àwọn wáyà gba ẹnu ọ̀nà iyàrá náà kọjá, wọ́n ní láti yọ wọ́n, kí wọ́n gé àwọn kan, kí wọ́n tó lè fi ìdérí dí i. Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ojú nìkan kò tó wọn eré.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ebi kò ní pa wọ́n bí ọkọ̀ kan bá jábọ́? (Òǹkàwé láti London)

ÈSÌ: Kò ní pa wọ́n, torí oúnjẹ oṣù mélòó kan máa ń wà nípamọ́. Láàárín oṣù mẹ́jọ péré, ọkọ̀ mẹ́ta ṣòfò: Cygnus ti Amẹ́ríkà ní oṣù kẹwàá 2014, Progress M-27M ní oṣù kẹrin 2015, Dragon, ti Amẹ́ríkà bákan náà, ní oṣù kẹfà ọdún 2015. Ibùdó kò ṣófo.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ọkọ̀ yìí máa ń padà wálé? (Òǹkàwé láti Ìbàdàn)

ÈSÌ: Rárá. Dragon ti Amẹ́ríkà ló ń gbé ẹrù padà. Ní ti Progress, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa ti ibùdó sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún oṣù mélòó kan, torí afẹ́fẹ́ tín-ín-rín tó wà lọ́hùn-ún ń fà á wálẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á kó pàǹtírí sínú rẹ̀; wọn kì í kàn jù ú sínú, ibi tí ẹrù wúwo bá wà lè mú kí ọkọ̀ yà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jó. Á já ara rẹ̀ kúrò, á jóná nínú afẹ́fẹ́ ayé, àwọn èérún tó bá ṣẹ́kù á sì já sínú òkun Pàsífíìkì níhà gúúsù, níbi tí ọkọ̀ ojú omi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà.