Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń bọ́ rẹfirí

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé.

Mo ti ka ohun tí àbúrò wa kọ: pé òun fọn fèrè níbi ìdíje ìparí ọdún ní ìlú kan ní Yàgbà, nílẹ̀ wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, òun fún ikọ̀ àlejò ní pẹnáritì nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, àwọn ọ̀dọ́ ìlú sì lé òun dé ìdí ọ̀kadà. Ó ń bèèrè bóyá kóun gbé fèrè sílẹ̀. Mo ka èsì tẹ́ ẹ fún un náà. Àwọn kan ní kó máa yọ káàdì pupa fún wọn láìwẹ̀yìn. Àwọn kan ní olè ni gbogbo rẹfirí, ohun tí wọ́n bá fojú wọn rí, àwọn ló wá a. Ẹnì kan wá sọ pé ìwà ará oko ni, pé wọn ò lè dán irú ẹ̀ wò nílẹ̀ òyìnbó.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìkẹyìn yẹn kúrò nílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, nílùú Ankara ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, ààrẹ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ankaragücü fúnra rẹ̀ ló wọ pápá lẹ́yìn eré, tó di ẹ̀ṣẹ́ lu rẹfirí Halil Umut Meler lójú. Nígbà tí ọkùnrin náà ṣubú, àwọn mìíràn tún ń ta á nípàá. Kámẹ́rà ń wò wọ́n. Wọ́n dá gbogbo líìgì wọn dúró nítorí ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, ní Netherlands, àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù lu láìnsìmáànì kan, Richard Nieuwenhuizen, lẹ́yìn eré àwọn ọmọdé. Ọmọ tirẹ̀ wà lára àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ìdí nìyẹn tó fi gba àsíá. Ó kú lọ́jọ́ kejì. Ẹ má wulẹ̀ di ẹ̀gàn ru ará oko.

Èmi ń ta síméǹtì àti irin ní Kabba. Láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú ni mo ti ń fọn fèrè lọ́jọ́ Sátidé, àti ní gbogbo àsìkò Kérésì tí àwọn ọmọ wa ń ti Èkó, Àbújá àti Ìlọrin bọ̀ wálé, tí kò sí ìlú tí kò ní ife-ẹ̀yẹ kan tí wọ́n ń gbá. Mo ti ṣe é ní Ìjùmú, ní Bùnú, ní Yàgbà, títí dé ọ̀nà Lọ́kọ́jà. Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé ìjà tó ń bẹ́ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú 85 ti bẹ̀rẹ̀ kí rẹfirí tó wọ ìlú. Ta ló pè é? Ta ló san owó ọkọ̀ rẹ̀? Ilé ta ló ti jẹun? Àbúrò, o kọ ọ̀rọ̀ pẹnáritì náà dáadáa, o ṣàlàyé ibi tí o dúró sí àti bí ẹsẹ̀ ṣe kan ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n o ò sọ ẹni tó fún ẹ lówó. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ gbọ́.

Ìlú kan wà tí mi ò ní dárúkọ. Ife-ẹ̀yẹ ìrántí bàbá kan tó ti kú ni wọ́n ń gbá, ó ti di ìparí. Ìgbìmọ̀ ò rí ibòmíì tí wọ́n lè fi àwa rẹfirí wọ̀ sí ju ilé ẹni tó ń náwó fún ikọ̀ ìlú náà gan-an. Ọ̀nà dá mi dúró, nítorí náà nígbà tí n ó fi dé, àwọn láìnsìmáànì mi méjèèjì ti jẹ iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí yó, wọ́n ń ta eyín. A wọ pápá. Ní ìlàjì kejì, ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn fún ikọ̀ ilé gé ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan nínú éètíìnì, àpótí ńlá iwájú ilé gọ́ọ̀lù, kò tilẹ̀ súnmọ́ bọ́ọ̀lù. Mo nàka sí ojú àmì. Bàbá kan dìde létí pápá, ó gbé àga oníke tó jókòó lé, ó rìn wọlé jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, ó gbé àga náà kalẹ̀ sójú àmì pẹnáritì, ó sì jókòó. Ó ní: “Ẹ jẹ iyán wa tán, ẹ wá fẹ́ fún wọn ní pẹnáritì!”

Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín yẹn fi di ariwo, tí àwọn ọ̀dọ́ ń sún mọ́ wa.

Mo gbé bọ́ọ̀lù sábẹ́ apá, mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá. Àwọn rẹfirí ẹlẹgbẹ́ mi ṣì ń fi ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ dòní, wọ́n ní òfin 17 ni bọ́ọ̀lù ní, kò sí ìdọ̀bálẹ̀ nínú èyíkéyìí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bàbá náà dàgbà ju bàbá tó bí mi lọ, ọmọ Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, sì ni mí kí n tó gba fèrè. Nígbà tí mo dìde, mo sọ fún un pé mo ti kí wọn, pẹnáritì náà ò sì yẹ̀. Mo pe kápítènì méjèèjì, mo ní tí àga yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, mo dá eré dúró nìyẹn, ìròyìn mi á dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kápítènì ikọ̀ ilé ló lọ bẹ bàbá, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ni. Wọ́n gbé àga kúrò. Ọmọ tó wá gbá pẹnáritì ọ̀hún gbá a sókè lọ bá igi káṣú. Ẹ má bi mí léèrè bóyá ẹnì kan ti ri nǹkan mọ́ ẹ̀yìn òpó, èmi ò sí níbẹ̀.

Bàbá yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Lójú tirẹ̀, àdéhùn ti wáyé: bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá jẹ iyán ẹ lọ́sàn-án ò gbọdọ̀ ṣe ẹ́ níkà nírọ̀lẹ́. Ìgbìmọ̀ tó fi rẹfirí wọ̀ sílé olówó ikọ̀ kan ló ba ojú wa jẹ́ lọ́dọ̀ ikọ̀ méjèèjì pọ̀. Ikọ̀ ilé rò pé wọ́n ti rà wá. Ikọ̀ àlejò náà rò bẹ́ẹ̀. Fèrè tí mo bá fọn lẹ́yìn ìyẹn, ta ló máa gbà á gbọ́?

Àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n máa lo rẹfirí ọmọ ìlú kí ẹnikẹ́ni má baà lé e, ẹ ò tíì rí nǹkan. Níhìn-ín, gbogbo èèyàn ló mọ ọmọ ẹni tí rẹfirí jẹ́. Àna ẹ wà létí pápá, ẹgbẹ́ bàbá ẹ wà níbẹ̀, ìyá tó ń ta omi tútù ló wẹ̀ ẹ́ lọ́mọdé. Ẹni tí o bá fún ní káàdì máa kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹ sì mú àlejò wá: kò sẹ́ni tó máa gbèjà ẹ̀ nígbà tí òkúta bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Nínú méjèèjì, àlejò ni mo fara mọ́, ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ san owó rẹ̀ tán kó tó kúrò nílé, kí owó náà jẹ́ èyí tí ikọ̀ méjèèjì dá dọ́gba-dọ́gba, kí wọ́n sì sọ ẹni kan pàtó, ẹni tó lórúkọ tó sì lójú nílùú, tó máa mú un wọlé tó sì máa mú un jáde. “Ọlọ́run á ṣọ́ wọn” kì í ṣe ètò ààbò.

Ọ̀rọ̀ káàdì pupa yẹn, mi ò bá yín lọ. Ife Àgbáyé 1970 ní Mexico ni káàdì yẹ́lò àti pupa dé inú bọ́ọ̀lù, Ken Aston ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá a lábàá. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí wọ́n ti ń ṣe òfin eré yìí kí káàdì tó dé, torí 1886 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ IFAB tó ń ṣe òfin náà sílẹ̀. Níbi ìdíje ọlọ́sẹ̀ méjì tí kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ ẹni tó gba káàdì sílẹ̀, bébà lásán ni káàdì yẹ́lò. Ohun tó ń dun ọmọ wa ni kó jókòó. Òfin gba àwọn ìdíje ìsàlẹ̀ láàyè láti ní kí ẹni tó bá ń bú rẹfirí lọ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú eré 90 kó tó padà wọlé, bí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè bá fọwọ́ sí i. Ká ní ó wà lọ́wọ́ mi ni, ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gan-an ló máa bá a wí, torí àwọn ló máa sáré fún un.

Ṣùgbọ́n kí n bá àwa rẹfirí náà wí. Rẹfirí pọ̀ níhìn-ín tó jẹ́ pé inú òbìrìkìtì àárín pápá ló ń dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ikùn ò jẹ́ kó lè sáré, yóò wá ti ibẹ̀ ṣèdájọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní éètíìnì. Àwọn kan ò tíì ṣí ìwé òfin láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ìdánwò. Àwọn òǹwòran tó ń kún ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wá mọ òfin tuntun jù wọ́n lọ, tàbí kí wọ́n mọ ìdajì ẹ̀, èyí tó burú jù. Ẹ wo ti aṣọ́lé. Láti oṣù Keje ọdún 2025, aṣọ́lé tó bá di bọ́ọ̀lù mú lọ́wọ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ, kọ́nà ni wọ́n ń fún ikọ̀ kejì. Tẹ́lẹ̀, mẹ́fà ni, fírí-kíìkì tí wọn ò lè gbá tààrà sáwọ̀n sì ni ìjìyà ẹ̀, àwọn rẹfirí ò fẹ́ẹ̀ lò ó rárá. Ní báyìí, gbogbo etí pápá ló ń ka oókan dé ẹẹ́jọ, wọ́n á sì ti kà á tán kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀ sáyà aṣọ́lé. Rẹfirí ló ń kà á, ọwọ́ rẹ̀ ló sì máa gbé sókè fi ka márùn-ún tó kẹ́yìn. Tí o ò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á kà á fún ẹ.

Háńdìbọ́ọ̀lù náà ń kọ́? Kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀lù tó bá kan ọwọ́ ló jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Bó bá ṣèèṣì kan ọwọ́ ẹni tó gbá gọ́ọ̀lù sáwọ̀n lójú ẹsẹ̀, gọ́ọ̀lù náà ò wọlé. Bó bá ṣèèṣì kan ọwọ́ ẹlòmíì nínú ikọ̀ ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbá a wọlé, láti 2021 gọ́ọ̀lù ni. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n fọwọ́ jù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ò ní ọfúsáìdì. Ìyẹn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun sílẹ̀ lójú mi, torí àwọn òǹwòran ò mọ̀, láìnsìmáànì náà ò mọ̀, ó sì gbé àsíá sókè.

Àti fóònù. Láti Ife Àgbáyé 2018 tí VAR, fídíò tí rẹfirí fi ń tún ìpinnu yẹ̀ wò, ti wọlé, àwọn ọmọ kéékèèké ń fìka ya àpótí lófuurufú sí mi láti etí pápá. Àwọn àgbà ń gbé fídíò wá bá mi láàárín eré. Mi ò ní wò ó, kì í ṣe ìgbéraga. Kò sí VAR ní pápá wa, òfin ò sì gbà kí n fi fídíò ẹnikẹ́ni ṣèdájọ́. Bí eré bá ti tún bẹ̀rẹ̀, mi ò lágbára àtiyí ohun tí mo ti sọ padà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé áńgẹ́lì ló ya fídíò yẹn.

Nítorí náà, ṣáájú eré, pe kápítènì méjèèjì àti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn síbi kan, sọ òfin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń fa ìjà yìí létí wọn ní èdè wa, kí o sì ní kápítènì nìkan ló lè wá bá ẹ sọ̀rọ̀ lórí ìpinnu. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe níbi Euro 2024, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, a rí i. Ní kí ìgbìmọ̀ na okùn yí pápá ká. Bí ìlú bá fún ẹ ní àwọn ọmọ tiwọn láti gba àsíá, sọ fún wọn pé bọ́ọ̀lù tó bá jáde nìkan ni kí wọ́n gbé e sókè fún, ìwọ fúnra rẹ ni kí o máa wo ọfúsáìdì. Ó máa gba pé kí o sáré gan-an, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa bá ọmọ ọlọ́mọ jà.

O bèèrè bóyá kóo gbé fèrè sílẹ̀. Ìwọ lo mọ̀. Tóo bá ń bá a lọ, lọ bá ẹgbẹ́ àwọn rẹfirí ní ìpínlẹ̀ kí wọ́n fún ẹ ní ìdánwò tó yẹ, má fọn fèrè lórúkọ ara ẹ nìkan mọ́. Ní ti ìlú tó lé ẹ, kọ ìròyìn rẹ bó tilẹ̀ ti pẹ́, nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ àti ohun tí ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe, láìsí èébú nínú ẹ̀, fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀, kí o sì ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́. Tí wọ́n bá tún pè ẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, béèrè ilé tí wọ́n fẹ́ fi ẹ́ wọ̀ sí kí o tó béèrè owó.